Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Àwo Orin Tí A Fi Ń Ní Èrò Gidi Lórí Rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń kàwé ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, wá kí mi ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń gbọ́ àwo àpàlà kan. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ pé, "Àǹtí, kí lẹ ń rí nínú orin yìí ná? Ohùn kan náà ló ń lọ látàárọ̀." Mo bi í pé apá ibo gan-an nínú orin náà ni ohùn ti dúró sójú kan tó bẹ́ẹ̀. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín, kò sì rí ibì kankan tọ́ka sí. Ó wá bi mí pé kí èmi náà tọ́ka sí ibi tí orin àwọn ọ̀dọ́ tí mo máa ń bú ti burú. Èmi náà wá a títí, n kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni àwa méjèèjì ti ní òfin kan láàárín ara wa, pé ẹni tó bá fẹ́ yin àwo kan tàbí kó bú u gbọ́dọ̀ lè sọ ìṣẹ́jú tí ohun tó ń sọ ti ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kejì lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Orí òfin kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé síhìn-ín dúró lé.

Ẹ gbọ́ àwo náà lódindi

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àwo. Ní ayé àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tó máa ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan àwo tó wọ́pọ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà olórin gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ sọ kíákíá kó sì dákẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo gígùn jáde ní ọdún 1948, èyí tó ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àyè náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin wa, wọn kò fi ṣòfò. Àwọn onijùjú bíi Ebenezer Obey àti King Sunny Adé máa ń so orin bíi mélòó kan pọ̀ mọ́ra láìdánudúró títí ojú àwo kan yóò fi parí, àfi bí ẹni pé òde àríyá ni wọ́n wà gan-an. Fẹlá ní tirẹ̀ lè fi odindi ojú àwo kan kọ orin kan ṣoṣo, bí ó ti ṣe nínú Zombie ní ọdún 1976, tó jẹ́ pé orin méjì péré ló wà lórí èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé níbí. Ẹni tó bá fa ìṣẹ́jú mẹ́ta yọ nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, tó wá fi ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ òkèlè iyán láìkan ọbẹ̀, tó wá ń ròyìn bí oúnjẹ ṣe rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe, nígbà náà, ni pé kí ẹ pa bọ́tìnnì tó máa ń da orin rú lórí fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí àwo náà tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹni tó ṣe é là sílẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn èèyàn ni Exodus tí Bob Marley gbé jáde ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn fún un nílé rẹ̀ ní Kingston ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, tó sì ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà díẹ̀. Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, márùn-ún ní ojú kìn-ín-ní, márùn-ún ní ojú kejì. Ojú kìn-ín-ní kún fún ọ̀rọ̀ ẹ̀bi, ọ̀tá, àti ìrìnàjò àwọn ènìyàn Ọlọ́run. Ojú kejì ni ijó, ìfẹ́ àti ìtùnú wà. Ẹni tó bá jẹ́ kí fóònù da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rú yóò gbọ́ orin dídùn mẹ́wàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ bí ìbínú ṣe rọlẹ̀ di ìtura nígbà tí a bá yí àwo padà. Èrò tèmi ni pé ojú kìn-ín-ní ló lágbára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ojú kejì ni gbogbo ayé mọ̀, n kò sì bá tí ní èrò yẹn ká ní n kò gbọ́ wọn ní títẹ̀lé ara wọn.

Ibi tí a ti ń gbọ́ orin

Àkúrẹ́ kì í ṣe ìlú tó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin ní ìdákẹ́jẹ́. Bí iná bá lọ ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ bíi mẹ́fà ló máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń hó jáde sì máa ń bo gìtá béèsì àti ìyá ìlù mọ́lẹ̀, tí èèyàn yóò fi rò pé olórin náà ni kò fi wọ́n sí i. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ohùn òkè ló máa ń sọnù: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti àwọn lẹ́tà tó mú lẹ́nu olórin. Àkókò méjì ni mo yàn láàyò. Èkíní ni nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, kí ariwo àdúrà àti ti ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹ iyán tán tí oorun sì ti gbé wọn lọ.

Ohun èlò tí ẹ fi ń gbọ́ orin ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Sípíkà kékeré tó wà nínú fóònù kò lágbára láti gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ohùn àárín àti ti òkè nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi fóònù lásán gbọ́ orin amapiano kan, kí ẹ tún fi íapíìsì gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ìlù ìsàlẹ̀ tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà gbé orin náà kà yóò fara hàn lójijì bí àlejò tó ti wà nínú yàrá láti ìgbà pípẹ́ tí a kò rí. Kò pọn dandan kí ẹ ra ohun olówó ńlá. Íapíìsì oníwáyà tí kò bàjẹ́, tó wọnú etí dáadáa, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sókè jù, nítorí etí tí ariwo bá ti rẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Nígbà kan, mo gbọ́ àwo fújì kan lórí kásẹ́ẹ̀tì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé imú ni olórin náà fi ń kọrin, àti pé àwọn onílù rẹ̀ ń kánjú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo sọ èrò yìí káàkiri fún bí ọdún méjì. Ìgbà tí mo wá gbọ́ àwo yẹn kan náà nílé ìbátan mi kan ní ìlú Oǹdó, ohùn ọkùnrin náà rinlẹ̀, ìlù sì ń rìn bí ọba. Mọ́tò rédíò kásẹ́ẹ̀tì tèmi ló ń sáré jù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ ohun tí mo fi gbọ́ àwo kọ̀ọ̀kan sí iwájú ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sì máa ń ṣọ́ra fún ẹ̀dà orin tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ jù kó lè wọ inú fóònù, nítorí pé ohùn agogo àti ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí omi tó ń hó lórí iná.

Ìgbà mẹ́ta

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń gbọ́ àwo kan kí n tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má mú bírò dání rárá. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ sì kọ ìlà márùn-ún péré lẹ́yìn tí ó bá parí, nípa ohun tó ṣẹ́ kù sí yín lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé oorun ló gbé yín lọ, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ti gbé yín.

Ìgbà kejì ni iṣẹ́ wà. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ èrò ní Ọjà Ọba. Ẹ jẹ́ kí a fi Juju Music ṣe àpẹẹrẹ, àwo tó ní orin méje, tí King Sunny Adé gbé jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ Island ní ọdún 1982, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, sì bójú tó ṣíṣe rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé gìtá tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn, èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ta: ẹ ó rí i pé kì í bá olórin jà, ńṣe ló máa ń dúró títí olórin yóò fi mí, kó tó rọra fa ohùn rẹ̀ wọ àlàfo náà. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ tẹ̀lé gángan. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan níhìn-ín tí àwọn àjèjì tó kọ ìwé yin àwo náà kò ní, torí pé ohun tí wọ́n pè ní ìró lásán, ọ̀rọ̀ ni létí wa. Ẹ gbìyànjú láti kọ ohun tí ìlù sọ sílẹ̀. Èmi kì í mú ju ìdajì lọ, mo sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó kù kí n lè bi onílù kan.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ olórin yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí ẹ̀yin náà ní láti máa sọ fún ara yín bí irú rẹ̀ bá dé. Ará Àkúrẹ́ ni mí. Ìdílé ọba ní ìlú Oǹdó ni baba King Sunny Adé ti wá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọba Adésídà Kìíní, Déjì tó jọba Àkúrẹ́ láti ọdún 1897 títí di 1957, ẹni tí títì tó la àárín ìlú wa já ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Inú mi máa ń dùn kí orin rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí mo bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba. Lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo tó lè sọ pé, lójú tèmi, àwọn orin inú Juju Music kúrú jù. Wọ́n gé wọn fún etí ará ilẹ̀ òkèèrè, ó sì máa ń jẹ́ pé ibi tí orin ti ń gbóná, tí ẹsẹ̀ èèyàn ti fẹ́ máa jó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń pa á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní gígé náà ló jẹ́ kí òun lè gbọ́ ọ tán.

Ìgbà kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀, pàápàá ẹni tí kò fẹ́ràn ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ má ṣàlàyé fún un. Ẹ kàn máa wo ibi tí ó ti gbé fóònù rẹ̀, àti ibi tí ó ti gbé e sílẹ̀.

Orin kọ̀ọ̀kan àti ìbéèrè tirẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìbéèrè tí a máa ń bi jùjú kọ́ ni à ń bi jazz, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n orin ìjọ wọn hípọ́ọ̀pù. Kí ẹ tó ní èrò, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni irú orin yìí ń gbìyànjú láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpàlà tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kò sí gìtá nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àgídìgbo àti ohùn ẹnu ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni orin náà fẹ́ gbé, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun jókòó lé e lórí. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi í ni bí ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà: ibi tó ti pa òwe, bí ó ṣe lọ láti orí ìkìlọ̀ bọ́ sórí oríkì, àti bóyá àwọn elégbè ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní àkókò tó yẹ. Ẹni tó ń retí kí ohùn orin máa gòkè kó máa sọ̀ bí ti orin òyìnbó yóò sọ pé ohùn kan náà ló ń lọ, nítorí pé ibi tí nǹkan ti ń yí padà kọ́ ló ń tẹ́tí sí. Nígbà tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka iye òwe tó wà ní ojú kan àwo náà, ó kà á dé orí mọ́kànlá kó tó sọ pé òun ti sọ kíkà nù.

Jazz yàtọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì tó bí a ti rò. Ọjọ́ méjì péré, ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 1959, ni Miles Davis, afunfèrè ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba ohùn Kind of Blue sílẹ̀, orin márùn-ún tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́: lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ kúkúrú kan tó ń rìn jẹ́jẹ́, gìtá ńlá onígi tí Paul Chambers ń ta ló lé orin, dùùrù sì fi ohùn méjì péré dáhùn, nígbà tó ṣe, àwọn fèrè dara pọ̀ mọ́ ìdáhùn náà. Ta ni nínú wa tí kò mọ lílé àti gbígbè? Lẹ́yìn ìyẹn, olúkúlùkù gba àyè tirẹ̀, ohun tí a ó sì máa bi ara wa ni ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi àyè náà ṣe. John Coltrane fi fèrè rẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú àyè tirẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Davis sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn, ibẹ̀ sì ni mo máa ń ní kí àwọn tó sọ pé jazz kò ní ìtumọ̀ lọ tẹ́tí sí.

Ní ti orin àwọn òyìnbó àtijọ́, ọ̀nà tó dára jù láti ní èrò tirẹ̀ ni pé kí èèyàn gbọ́ iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn tó ta á. Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni Glenn Gould, atadùùrù ọmọ Kánádà, tó ta Goldberg Variations ti Bach, olórin Jámánì àtijọ́, sórí àwo ní ọdún 1955, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22, tó sì tún padà ta á ní ọdún 1981, ní bí ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ikú rẹ̀. Orin kan ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọ̀nà ọgbọ̀n ni wọ́n sì gbà yí i padà lórí ìpìlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ kan náà, kó tó di pé orin ìbẹ̀rẹ̀ tún padà wá. Ti 1955 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 38, ti 1981 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 51. Ẹ fi orin ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ èwo ni ti yín. Ti ọjọ́ ogbó ni tèmi. Ẹ tún tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń kùn lábẹ́ dùùrù rẹ̀ bí ìyá arúgbó tó ń fọ ẹ̀wà. Àwọn kan kórìíra ìkùn yẹn. Èmi kò lè ronú àwo náà láìsí i.

Ìbéèrè kan wà tí a lè bi orin Yorùbá èyíkéyìí, láti orí orin ìjọ dé orí ti àwọn ọ̀dọ́, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá wa bi í: ǹjẹ́ ohùn orin náà tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀? Èdè olóhùn ni tiwa. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó sọ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ, ó sì lè di ọkọ́. Àwọn tó ti kọrin nínú kọ́à mọ ìṣòro yìí dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì fi ohùn òyìnbó kọ, máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn. Ẹkúndayọ̀ Phillips àti àwọn mìíràn lára àwọn olórin ìjọ wa gbìyànjú láti tún un ṣe nípa kíkọ ohùn tó bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Bí a bá fi ìbéèrè yìí wo C.E.O, àwo ráàpù tí DaGrin gbé jáde ní ọdún 2009, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, a ó rí ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi yé wa kíákíá: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ ni, tí kò kọ ọ́ lórin, ohùn ọ̀rọ̀ dúró ní ipò rẹ̀, ìlù ló ń wá ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá. N kò fẹ́ràn gbogbo ohun tó sọ nínú àwo náà, mo sì máa ń yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí àwọn àgbà bá wà nílé, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò mọ èdè lò. Asake náà, nínú Mr. Money with the Vibe ti ọdún 2022, orin méjìlá tó gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fi ọ̀pọ̀ ohùn elégbè tó ń hó sẹ́yìn rẹ̀ ránni létí agbo fújì. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti borí mi. Ó yí i sí ibi tí ègbè ti wọlé, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́, kì í ṣe bí àwọn Barrister náà ṣe máa ń ṣe é nìyí?" Mo gbà fún un. Ohun tí mo ṣì dì mú ni pé àwọn orin náà máa ń parí kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé òfin ayé rẹ́kọ́ọ̀dù 78 ti padà dé gba ẹ̀yìn fóònù.

Afrobeat, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní lórí rẹ̀: sùúrù. Ìlù, gìtá, dùùrù àti fèrè yóò ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú pípẹ́ kí Fẹlá tó la ẹnu, ẹni tó bá sì ti kánjú lọ síbi ọ̀rọ̀ ti fo ìdajì iṣẹ́ náà.

Nílé níbí, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn àwo méjì kan wà tí mo máa ń fi dán etí wò. Èkíní ni ti Orlando Owoh, olórin hailáìfù tí ìdílé rẹ̀ ti agbègbè Ọ̀wọ̀ wá, tó kú ní ọdún 2008. Ohùn rẹ̀ há, ó sì fà bí ẹni tí kò sùn. Ẹni tó ń wá ohùn oyin yóò sọ pé kò mọ orin kọ. Ẹ gbọ́ bí ohùn tó há náà ṣe ń rìn lórí gìtá tó mọ́ gaara, ẹ ó rí i pé bí ohùn náà bá dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ayé tó ń sọ kò ní ṣeé gbàgbọ́ mọ́. Èkejì ni àṣíkò tí Comfort Ọmọge fi ohùn Ìkálẹ̀ kọ. Èmi ọmọ Àkúrẹ́ kì í gbọ́ gbogbo ẹ̀ka èdè náà, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi, ìlù àti ègbè nìkan ni mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí." Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Òkìtìpupa ló jókòó tì mí ní ọjọ́ kan, tó sì túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Ẹ̀rín ló pa mí. Gbogbo ohun tí mo ti rò pé ó jẹ́ orin ọ̀fọ̀, yẹ̀yẹ́ ni.

Kíkọ èrò náà sílẹ̀

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ yẹra fún ọ̀rọ̀ tó lè bá gbogbo àwo mu. "Ó dùn gan-an" kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni "kò ní láárí" kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ìlù rẹ̀ dára" àti "nínú orin kẹta, nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, gìtá àti dùùrù dákẹ́, gángan nìkan ló kù pẹ̀lú olórin, mo sì dìde lórí àga láìmọ̀." Ẹnikẹ́ni lè lọ wá ibi tí ẹ sọ nínú gbólóhùn kejì, kó gbọ́ ọ, kó sì bá yín jiyàn.

Mo máa ń kọ ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ lórí àwo kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó jáde, ohun tí mo fi gbọ́ ọ, ibi tó wọ̀ mí lára pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀, ibi tó sú mi pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀, àti bóyá mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó sú mi ni mo máa ń rò jù, nítorí ó rọrùn fún wa láti máa yin olórin bí ẹni tó fẹ́ ná an lówó. N kò fún àwo ní máàkì mọ́. Nígbà tí mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo fún àwo sákárà kan ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mo fún àwo rọ́ọ̀kì kan ní méje, ó sì wá yé mi pé n kò lè sọ ohun tí ẹyọ kan tó wà láàárín wọn náà jẹ́. Mo fi ọsàn wé ẹja gbígbẹ, mo sì kọ nọ́ńbà sí i lára.

Ẹ tún ya ìwà olórin sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀ nínú ohun tí ẹ ń kọ. N kò sọ pé kí ẹ dákẹ́ lórí ìwà rẹ̀ o. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè mọ èyí tó jẹ́ ìbínú yín sí ènìyàn náà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ohun tí etí yín gbọ́.

Bí èrò yín bá yí padà, ẹ má fa ìlà sí ti àtijọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tuntun sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ti tuntun. Lójú ewé tí mo kọ Aura sí, àwo tí King Sunny Adé ṣe ní ọdún 1984, níbi tí Stevie Wonder ti fun fèrè àfẹnufà, ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ní àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ìlù tí wọ́n fi sí i ti ba jùjú jẹ́. Ní èkejì, mo kọ ọ́ pé fèrè àlejò náà ló gbà á sílẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó fẹ́ kí n tún lọ gbọ́. Mo ti gbọ́ méjì nínú wọn. Iná lọ kí n tó dé ìkẹta.